Nígbà Wo ni Ọmọ Ọdẹ Tó Gbé Ìbọn?

Àwọn àgbà wa máa ń wí pé bí ọwọ́ ẹni kò bá tí ì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Ó ti pẹ́ tí a ti ń pa òwe yìí, ó sì ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé a kì í dúró mọ́ kí a wo ohun tí ó ń sọ. Bí a bá bi ọ̀pọ̀ ènìyàn léèrè, wọn yóò sọ pé sùúrù ni òwe náà ń kọ́ni, pé kí ọmọ dúró títí yóò fi dàgbà kí ó tó wá ẹ̀san lọ. Ẹ jẹ́ kí a tún un wò. Òwe náà kò dárúkọ ọdún kankan. Ọwọ́ ni ó dárúkọ, àti èèkù. Ohun tí ó fi ṣe òṣùwọ̀n ni bí ọwọ́ kan ṣe lè di ohun ìjà kan mú. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ju èyí lọ: ìgbà wo ni a lè sọ pé ọwọ́ ọmọ tẹ èèkù? Kí n sọ ọ́ bí ó ti bá òde òní mu: ìgbà wo ni ọmọ ọdẹ tó gbé ìbọn, kí sì ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ kó lé e lọ́wọ́ kí ìgbà náà tó dé?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ìbéèrè yìí ti kọjá àkókò rẹ̀. Wọn yóò ní àwọn ọmọ ọdẹ ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́, pé igbó ti ń tán, pé ẹran ti ń sá. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá rin ìrìn àjò gba Ìbàràpá kọjá lọ sí Òkè-Ògùn mọ̀ pé ọdẹ kò tí ì parun, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹran nìkan ni àwọn ènìyàn ń ronú kàn mọ́ bí wọ́n bá rí ìbọn. Láti oṣù kìíní ọdún 2020, tí ìjọba àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdẹ ni ó ti di ẹ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ ìbọn ti wọ inú ilé ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ sì ní etí.

Ẹni tí ó bá dàgbà ní ìletò tí ọdẹ wà yóò mọ̀ pé ohun èlò ọdẹ kì í dé ọwọ́ ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kànnàkànnà ni ó sábà máa ń ṣáájú, èyí tí àwọn ọmọ fúnra wọn ń pè ní rọ́bà. Ọmọ náà ni yóò wá igi tí ó yà sí méjì. Igi gúáfà ni ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ràn, nítorí pé ó le, kì í sì í tètè dá. Yóò gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ tí ó ti bàjẹ́, yóò fi awọ bàtà àlòkù ṣe ibi tí òkúta yóò jókòó sí, yóò sì so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Baba rẹ̀ lè má tilẹ̀ dá sí i. Alángbá ni yóò kọ́kọ́ máa lé kiri, lẹ́yìn náà ẹyẹ, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni yóò sì padà wálé ní ọwọ́ òfìfo. Kò sí ọdẹ tí yóò pe èyí ní eré lásán. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń mọ̀ pé ẹyẹ kì í dúró de aláriwo. Ibẹ̀ náà ni yóò ti fi ojú ara rẹ̀ rí ìdí tí a fi ń sọ pé òkò àbínújù kì í pẹyẹ, òwe tí àwa tí a dàgbà sí ìgboro ń pa láìju òkò kankan rí.

Ẹ̀bìtì ni ó tún ń tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ ẹ̀bìtì yàtọ̀ pátápátá, nítorí kì í béèrè ojú tí ó yá tàbí apá tí ó le. Ó ń béèrè pé kí ọmọ mọ ipa òkété, kí ó mọ ojú ọ̀nà tí eku ń gbà lóru, kí ó sì mọ bí a ti í gbé ohun wíwúwo lé orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí yóò yẹ̀ bí ẹran bá kàn án. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó ń béèrè pé kí ọmọ padà lọ wò ó ní òwúrọ̀. Bí ọmọ bá dẹ ẹ̀bìtì mẹ́wàá tí ó sì yẹ méje péré wò, ẹran tí ó bá kó sí mẹ́ta yòókù yóò jẹrà síbẹ̀. Àwọn àgbà a máa bá ọmọ wí gidigidi lórí irú èyí, ju bí wọn yóò ti bá a wí lọ bí kò bá rí nǹkan kan pa rárá. Mo ka ìbáwí yìí sí ohun pàtàkì. Ó ń kọ́ ọmọ pé ohun tí a bá dẹ sílẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ nígbà tí ẹni tí ó dẹ ẹ́ ń sùn, àti pé ẹni tí ó dẹ ẹ́ ni ó ni ohunkóhun tí ó bá ṣe. Tàkúté onírin kò sí lára ohun tí mo ń sọ yìí. Ìyẹn lè já ẹsẹ̀ ènìyàn. Iṣẹ́ àgbà ni.

Ti àdá kò gba àlàyé púpọ̀, nítorí oko ni ó ti bá ọmọ wá. Ṣùgbọ́n nípa àpò àti àtùpà, ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí ọmọ bá ti ń bá baba rẹ̀ lọ sí ọdẹ òru, òun kọ́ ni yóò gbé ìbọn. Àpò ni yóò gbé. Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, ó lè kan iná. Láyé àtijọ́, àtùpà kábáàdì ni àwọn ọdẹ ń dè mọ́ orí. Lóde òní, iná oníbátìrì ti gba ipò rẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ń ṣe. Bí iná bá kan ojú ẹran lóru, ojú náà a máa tàn padà. Ọdẹ tí ó gbọ́n a dúró, a wo bí ojú náà ti ga tó sí ilẹ̀, bí àlàfo ti tó láàárín méjèèjì, àwọ̀ tí ó ń tàn, àti bí ẹran náà ti ń yí orí. Ojú èsúró a máa tàn. Ojú ewúrẹ́ tí kò padà wálé a máa tàn, ti màlúù a máa tàn, ti ajá ọdẹ mìíràn a máa tàn. Ojú ènìyàn kì í tàn bẹ́ẹ̀, òun gan-an sì ni ó fi wà nínú ewu jù lọ nínú igbó lóru, nítorí pé kìkì ewé tí ó mì ni ọdẹ yóò rí. Ọmọ tí ó bá ti gbé iná fún baba rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan ní àìmọye ìgbà: kí ni èyí? Kò tí ì kan ìgbà tí yóò bèèrè pé, kí n yìn ín bí?

Ohun mìíràn tún wà tí a kì í kà mọ́ ohun èlò, tí mo sì gbà pé ó yẹ kí a kà mọ́ ọn. Ọmọ ọdẹ a máa gbọ́ ìjálá kí ó tó mọ ìbọn. Gẹ́gẹ́ bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá ti fi hàn nínú iṣẹ́ ńlá tí ó ṣe lórí ìjálá, èyí tí ó jáde ní 1966, oríkì ẹranko àti ti ẹyẹ jẹ́ apá kan gbòógì nínú ohun tí àwọn oníjàálá ń sun. Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí èyí ń ṣe lọ́kàn ọmọ. Kí ó tó di pé yóò pa ẹfọ̀n tàbí àgbọ̀nrín, ó ti gbọ́ bí wọ́n ti ń kí i, bí ìrìn rẹ̀ ti rí, bí awọ rẹ̀ ti rí, ohun tí ó ń jẹ àti ohun tí ó ń bà á lẹ́rù. A ti fi ẹran náà hàn án gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ní orúkọ. Ẹni tí a kọ́ báyìí lè pa ẹran, ṣùgbọ́n yóò ṣòro fún un láti rò pé ohun tí a fi ń dánra wò lásán ni.

Bí a bá wo àwọn ohun èlò tí mo ti kà sílẹ̀ yìí, a ó rí ohun kan tí ó so wọ́n pọ̀. Àṣìṣe wọn ń padà sórí akẹ́kọ̀ọ́. Kànnàkànnà tí kò ba ẹyẹ, òkúta ni ó ṣòfò. Ẹ̀bìtì tí a dẹ kò dára, ebi ni ó fi ń sanwó rẹ̀. Àdá a máa gé ìka ẹni tí ó dì í mú. Ẹni tí ó bá pariwo nídìí àtùpà, ẹran yóò sá fún un, baba rẹ̀ yóò sì dákẹ́ jẹ́ẹ́ sí i títí wọn yóò fi délé, ìyà kékeré kọ́ sì ni ìyẹn. Mo mọ̀ pé kànnàkànnà ti fọ́ ojú ènìyàn rí; ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í jẹ́ kí ọmọ ta á láàárín agbo ilé. Bí ó ti wù kí ó rí, ohun tí ó yẹ ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ ni ohun tí ó lè ṣì í lò, kí ó jìyà rẹ̀, kí ó sì tún un ṣe. Ìbọn kò sí nínú irú ohun bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe ìbọn kì í sábà padà sórí ẹni tí ó ṣe é. Orí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni ó ń lọ, kò sì sí àtúnṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di àdììtú gan-an nìyí. Gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ ni a ń fi àṣìṣe kọ́. Ọmọ alágbẹ̀dẹ a ba irin jẹ́, ọmọ ahunṣọ a já òwú, alákọ̀wé pàápàá a fa ìwé ya. Báwo wá ni ènìyàn yóò ṣe kọ́ iṣẹ́ tí a kò gbà á láàyè láti ṣi ẹsẹ̀ gbé nínú rẹ̀? Àwọn kan ti tìtorí èyí sọ pé kí a má ṣe kọ́ ọmọ kankan ní ìbọn rárá. N kò bá wọn jiyàn púpọ̀, àfi pé ọmọ ọdẹ tí a kò kọ́ yóò kọ́ ara rẹ̀, nítorí ìbọn wà nínú ilé tí ó ń sùn.

Èsì tí mo rí nínú ìṣe àwọn ọdẹ ni pé wọ́n gé iṣẹ́ ìbọn sí wẹ́wẹ́. Ọmọ a kọ́kọ́ gbé ìbọn tí kò ní ohunkóhun nínú. Bí ó ti gbé e ni wọn yóò máa wò: ibi tí ó kọ ẹnu rẹ̀ sí nígbà tí ó ń fo igi tí ó wó dí ọ̀nà, ohun tí ó fi ṣe nígbà tí ẹnì kan pè é láti ẹ̀yìn tí ó sì yíjú padà. Bí ó bá kọjú ẹnu ìbọn náà sí ènìyàn, ìbọn òfìfo ni o, wọn yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, àpò ni yóò sì tún padà máa gbé. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀tù. Ìbọn ṣakabùlà tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń rọ kò mọ òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀. Ọwọ́ ẹni tí ó ń kì í ni òṣùwọ̀n wà. Ẹ̀tù tí ó bá pọ̀ jù lè fọ́ irin náà mọ́ ẹni tí ó gbé e lójú. Ọmọ yóò máa wọn ẹ̀tù níṣojú àgbà, àgbà náà yóò sì máa dà á nù bí kò bá tọ́. Yíyìn ni ó kẹ́yìn. Bí a bá sì rò ó dáadáa, yíyìn ni ó kéré jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Ìka kan ṣoṣo ni ó ń ṣe é. Nítorí náà, ọdẹ tí ó mòye kì í fi iye ẹran tí ọmọ pa mọ̀ pé ó tó ìbọn gbé. Iye ìgbà tí ọmọ náà wò, tí ojú rẹ̀ kò dá a lójú, tí kò sì yìn, ni ó ń kà.

Òfin ìbọn tí ó wà ní Nàìjíríà láti ọdún 1959 gba ọ̀nà mìíràn. Ó ní a kò gbọdọ̀ fún ẹni tí kò tí ì pé ọmọ ọdún 17 ní ìwé àṣẹ ìbọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọdún nìkan kọ́ ni ó sọ. Àwọn tí ó tún kà mọ́ ọmọdé ni ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ẹni tí ìmukúmu ti di bárakú fún, àti ẹni tí a ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kà á lè rẹ́rìn-ín, pé kí ni ó pa ọmọ dáadáa pọ̀ mọ́ ọ̀mùtí àti jàgídíjàgan? Èmi gbà pé ẹni tí ó to orúkọ wọn pọ̀ mọ ohun tí ó ń ṣe. Àlàfo kékeré kan wà láàárín ojú tí ó rí àti ìka tí ó fà. Inú àlàfo yẹn ni ìrònú ń gbé. Ti ọmọdé kò tí ì là, ọtí ti dí ti ọ̀mùtí, ìbínú ni ó kún inú ti oníjà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọdún 17 kì í ṣe ohun tí ń sọ ọmọ di ẹni tí ó tó ìbọn gbé. Àmì lásán ni, tí ìjọba ń lò nítorí pé ìjọba kò lè bá gbogbo ọmọ lọ sí igbó lóru. Baba ọmọ lè bá a lọ. Nítorí náà, baba kò ní àwáwí láti fi ọjọ́ orí nìkan ṣe òṣùwọ̀n.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọdẹ ṣíṣe ti jẹ́ àṣà ìdílé fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará ìgbèríko, àwọn kan ti yí ọ̀rọ̀ náà padà. Dípò kí ọmọ dàgbà dé ibi ìbọn, wọ́n gé ìbọn wá bá ọmọ. Ilé iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ń ṣe ìbọn kékeré kan tí wọ́n pè ní Crickett. Ìdí rẹ̀ kúrú kí ó lè bá èjìká ọmọdé mu, wọ́n kùn ún ní oríṣiríṣi àwọ̀, ohun tí wọ́n sì fi ń polówó rẹ̀ ni pé ìbọn àkọ́ní ọmọ ni. Kí a má ṣe ṣe àbòsí: ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Ọta kan ṣoṣo ni ìbọn náà ń gbà lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ ni a sì fi ń fa ohun tí yóò lu ọta náà sẹ́yìn kí ó tó lè dún, kí ọmọ lè ní àyè láti ronú lẹ́yìn ìyìn kọ̀ọ̀kan. Ìbọn ṣakabùlà tiwa náà kò yàtọ̀ sí èyí. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wọn ni ó sì ń béèrè pé kí ẹni tí ó fẹ́ di ọdẹ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ààbò kí ó tó gba ìwé àṣẹ.

Síbẹ̀, ní ọdún 2013, ní ìpínlẹ̀ Kentucky, ọmọkùnrin ọlọ́dún márùn-ún kan fi irú ìbọn yìí, tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ, yìnbọn pa àbúrò rẹ̀ obìnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjì nínú ilé wọn. Wọ́n gbé ìbọn náà ti kọ̀rọ̀ ilé, wọn kò mọ̀ pé ọta kan kù nínú rẹ̀. Ohun tí mo rí nínú ọ̀ràn yìí ni pé a lè ké ìdí ìbọn kúrú, a lè kùn ún ní àwọ̀ òdòdó, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde kò ní ìgbà èwe. Ara ọmọ ni wọ́n wọ̀n. Kò sí ẹni tí ó wọn àlàfo tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Òfin wọn ti ọdún 1968 kò gba oníṣòwò tí ó ní ìwé àṣẹ láyè láti ta ìbọn fún ẹni tí kò tó ọdún 18. Ìyẹn ni pé ọmọ kì í lọ sí ìsọ̀ lọ ra ìbọn àkọ́ní rẹ̀. Àgbà kan ni ó rà á fún un, tí ó dì í, tí ó fi ta á lọ́rẹ. Ta wá ni ó ni ìyìn? Ilé ẹjọ́ ní ìpínlẹ̀ Michigan ti dáhùn ìbéèrè yìí lọ́nà tí yóò yé baba ọdẹ wa èyíkéyìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ọmọ ọdún 15 kan pa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ìlú Oxford, pẹ̀lú ìbọn ìléwọ́ tí baba rẹ̀ rà ní ọjọ́ mẹ́rin péré ṣáájú. Ní ọdún 2024, a dá ìyá lẹ́bi, a dá baba náà lẹ́bi, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a sì gbọ́ ẹjọ́ wọn. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tí ó fọwọ́ kan ìbọn náà lọ́jọ́ yẹn. Àwọn amòfin kan kọminú sí ìdájọ́ yìí, pé ó gbòòrò jù. Lójú tèmi, ohun tí ẹ̀bìtì ti kọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ilé ẹjọ́ náà sọ. Ọmọ náà kò tìtorí èyí bọ́ nínú ẹ̀bi tirẹ̀, nítorí ènìyàn kì í ṣe ẹ̀bìtì. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi lè kún ọwọ́ mẹ́ta láìdín kù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kí a má sì rò pé àwọn ará òkèèrè nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ọdẹ wa, ara ògiri tàbí orí àjà ni ìbọn wà, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹ̀tù nínú rẹ̀, nítorí pé ọdẹ náà ti kì í láná tí kò sì rí ẹran yìn ín sí. Ọmọ ń wò ó láti orí ẹní. A tún wá ní ọ̀ràn tiwa tí àwọn ará Amẹ́ríkà kò ní. Àwọn baba kan a máa fọ́nnu níwájú ọmọ pé ìbọn kò lè ran àwọn, pé àwọn ní ayẹta. N kò fẹ́ wọ inú àríyànjiyàn oògùn níhìn-ín. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọ tí ó gbọ́ pé ìbọn kì í ran baba òun ti gbọ́ pé ìbọn kì í ṣe nǹkan ẹ̀rù, bí a bá sì rí ìròyìn pé ẹnì kan kú níbi tí wọ́n ti ń dán ayẹta wò, irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ku èrò kan tí n kò lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Àwọn kan ní gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí dára fún ayé àlàáfíà. Wọ́n ní nísinsìnyí tí àwọn ajínigbé wà ní ojú ọ̀nà oko, ọmọ ọdún 13 tàbí 14 tí kò mọ ìbọn yìn jẹ́ ẹrù fún ilé rẹ̀. Mo gbọ́ ẹjọ́ kan tí ẹbí kan rò lórí ọ̀rọ̀ yìí ní abúlé kan ní Òkè-Ògùn. Wọ́n pa ọdẹ kan lójú ọ̀nà oko. Wọn kò mọ ẹni tí ó pa á. Ọmọkùnrin rẹ̀ tí ó dàgbà jù jẹ́ ọmọ ọdún 14. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ìṣípà ọdẹ tán, àbúrò olóògbé gbé ìbọn náà wá síwájú ẹbí, ó ní ti ọmọ náà ni, pé kí wọ́n fún un, ilé kò gbọdọ̀ ṣófo. Ìyá ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, “Ọkọ mi, ẹ ṣeun tí ẹ kò jẹ́ kí ogún ọmọ mi sọnù. Ṣùgbọ́n ta ni ẹ fẹ́ kí ó yìn ín sí?”

Wọ́n ní ọkùnrin náà kò dáhùn. Ẹ kíyè sí ìbéèrè yẹn. Obìnrin náà kò sọ pé ọmọ òun kéré. Ó mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n bá fún ní ìbọn lẹ́yìn ikú baba rẹ̀ kò gba ohun èlò ọdẹ. Ìbéèrè ni ó gbà, ìbéèrè ikú tí ó pa baba rẹ̀, láìsí ẹni tí yóò dáhùn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ṣí ewé lóru ni yóò di èsì. Èyí ni mo rò pé òwe èèkù idà ń lé kiri. Ọmọ tí a kọ́kọ́ kọ́ láti fi ìbọn pa ẹran ní àǹfààní láti mọ̀ pé èsúró kọ́ ni ewúrẹ́. Èyí tí ó jẹ́ pé ẹ̀rù ènìyàn ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ibo ni yóò ti kọ́ bí a ti í jẹ́ kí nǹkan kọjá lọ?

Olúọdẹ ni ó dá ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, “Ọmọ mi, ìwọ ni o ni ín. Gba àpò, gba iná. Èyí yóò wà lọ́dọ̀ mi.” Ó gbé ìbọn náà lọ sí ilé rẹ̀, nítorí òun ní ìwé àṣẹ, ó sì tì í mọ́ inú àpótí. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni ọmọ náà ń lọ síbẹ̀ láti nù ún, kí ó sì fi epo pa irin rẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ ìròyìn wọn kẹ́yìn, ó ti pé ọmọ ọdún 16, ó ti ń bá àwọn ọdẹ lọ sí igbó, ìbọn náà ṣì wà níbi tí ó wà. Àbúrò baba rẹ̀ kò tí ì gbà pé ohun tí wọ́n ṣe tọ́. Ó ní bí àwọn aláburú bá dé lóru, ta ni yóò sáré lọ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ olúọdẹ? N kò rí èsì kan tí yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn, olúọdẹ náà kò sì wá èsì lọ. Ó ní kí ọkùnrin náà wá gbé ilé ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn tirẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, òun tí ó jẹ́ àgbà.